Ìlú Ilé-Ẹ̀kọ́ Lórí Òkè, àti Ìsinmi Àwọn Àgbà

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí òkété àgbà yóò máa gbé fún wa, kò sì sọ ohun tí yóò máa fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ó bá mu ọmú náà yó tán. Ẹni tí ó ti fi ọdún márùndínlógójì jí ní ìdájí, tí ṣọ́ọ̀kì ti kun ọwọ́ rẹ̀ funfun, tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ ti ń pàṣẹ ìjókòó àti ìdìde fún, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé mọ bí a ti í jókòó lásán. Gbogbo wa ni a sì ti rí àgbà olùkọ́ tí a fi ijó àti ìlù sìn délé lọ́jọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, tí kò sì pẹ́ tí ìsinmi náà fi di ẹrù fún un.

Nítorí náà ni a fi rí i pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì a máa fi ibùgbé wọn sílẹ̀ nígbà ooru, láti oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà títí di ìkẹwàá. Wọn a sì gòkè lọ sí ìlú kékeré tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà láàárín àwọn òkè ńlá. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò kéré níye. Ọ̀kan ni a óò mú fún àpẹẹrẹ, èyí ni Boone, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ North Carolina.

AFẸ́FẸ́ TÍ Ó TURA

Boone fi 3,333 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé Jos rí, níbi tí gíga ilẹ̀ tó nǹkan bíi 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí a bá ti ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, bí ó sì ti ń fúyẹ́ ni ó ń tutù. Nínú oṣù keje, nígbà tí ooru ní ìpínlẹ̀ Florida bá ń lọ sí dígírì 32, tí òru kò sì mú ìtura púpọ̀ wá, kò wọ́pọ̀ kí ti Boone kọjá dígírì 27 ní ọ̀sán gangan, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ènìyàn a wá aṣọ fi bora.

Florida yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àgbà Amẹ́ríkà ń sá lọ nígbà òtútù, nítorí yìnyín kì í bọ́ síbẹ̀ bí ó ti ń bọ́ ní ìhà àríwá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù ni ó tún ń fi wọ́n lé ooru lọ́wọ́. Nítorí náà wọ́n ń tẹ̀lé ojú ọjọ́ bí lékeléke ti í tẹ̀lé màlúù. Àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n ti ìhà àríwá wá sí Florida, pinnu níkẹyìn láti kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì tẹ̀dó sí àárín àwọn òkè North Carolina. Àwọn onílé ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ fún wọn: wọ́n ń pè wọ́n ní àwọn tí ó padà dé ìdajì ọ̀nà.

Ojú a máa rí nǹkan níbẹ̀. Òkè kan wà tí kò jìnnà sí Boone, Grandfather Mountain ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe Òkè Bàbá Àgbà ní èdè wa. Gíga rẹ̀ jẹ́ 5,946 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀nà tí a ń pè ní Blue Ridge Parkway, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 469 máìlì, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí, a kò sì gbọdọ̀ sáré ju 45 máìlì ní wákàtí kan lọ lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí ó bá àgbà lára mu ni.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ SINMI LÓRÍ ÒKÈ?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé àná ni àṣà yìí bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bíi ọdún 1830 ni àwọn ọlọ́rọ̀ Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ti ń gòkè lọ sí Flat Rock, lórí àwọn òkè kan náà tí ó lọ dé Boone. Wọ́n ní oko ìrẹsì ní ẹrẹ̀ etí òkun, ibà a sì máa pa ènìyàn níbẹ̀ nígbà ooru. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà káàkiri; ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá gòkè ni í yè. Nítorí náà wọ́n gòkè, wọ́n kó ẹrú wọn díẹ̀ lọ́wọ́ láti máa dáná àti láti máa fọṣọ fún wọn. Wọ́n sì fi àwọn ẹrú yòókù sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọn àti ibà. Àwọn ẹrú wọ̀nyẹn, ọmọ aláwọ̀ dúdú bí tiwa ni wọ́n. Ìsinmi ẹnì kan, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni a gbé e lé.

Kí ni ó wá yí ọ̀ràn náà padà, tí olùkọ́ lásán fi lè gun òkè tí olówó ẹrú nìkan ń gùn rí? Òfin ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1935, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin pé kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ máa dá owó sí àpò ìjọba, kí òṣìṣẹ́ náà lè máa gba owó lóṣooṣù bí ó bá pé ọmọ ọdún 65. Lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin náà yọ àwọn alágbàṣe oko àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni irú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ibẹ̀ ń ṣe. Ó di àárín ọdún 1950 sí 1954 kí a tó tún un ṣe. Ní 1941, North Carolina dá ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀. Ní 1965, a ṣe òfin tí ó ń bá àwọn arúgbó san owó ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe àánú ni ó gbé àgbà olùkọ́ gun òkè, bí kò ṣe owó tí òun fúnra rẹ̀ ti dá sílẹ̀, àti ìjọba tí kò jẹ owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ NI Ó MÚ ÌLÚ DÙN

Òkè tí ó tutù pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó mú Boone yàtọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, inú àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé wa yóò sì dùn láti gbọ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1899, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Dougherty rí i pé àwọn ọmọ orí òkè kò ní olùkọ́. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 53. Láìpẹ́ ó di ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ní 1929 ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ní 1967 ó di Yunifásítì Appalachian State. Ọ̀kan nínú wọn, B. B. Dougherty, wà ní ipò olórí rẹ̀ títí di 1955. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lé ní 20,000, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo ènìyàn tí a kà ní ìlú Boone ní ọdún 2020 jẹ́ 19,092.

Bí oṣù karùn-ún bá ń parí lọ, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a lọ sílé. Òpópónà a dákẹ́, àyè a sì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn gbọ̀ngàn ńlá kò bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a ti ń gbọ́ orin àti ibi tí a ti ń wo àwòrán wà ní ipò wọn. Láti ọdún 1984 ni yunifásítì náà ti ń ṣe àjọ̀dún orin, ijó àti eré nígbà ooru. Láti 2003 ni ó ti ní ilé àwòrán tí a kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀. Láti 1952 ni a ti ń ṣe eré ìtàn kan tí ń jẹ́ Horn in the West ní gbangba ìta ní alẹ́ ìgbà ooru. Bí ó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbẹ̀ a kó ẹ̀fọ́ àti èso wá tà sí ilẹ̀ ibi tí a ti ń ṣe eré náà.

Nítorí náà, àgbà tí ó lọ síbẹ̀ a máa rí oúnjẹ fún ara, a sì rí fún ọpọlọ pẹ̀lú. Àwọn kan ti rí ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ní ọdún 1975, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, àwọn ọkùnrin méjì, Marty Knowlton àti David Bianco, wòye pé yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣófo nígbà ìsinmi gígùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà wà tí òùngbẹ ẹ̀kọ́ ń gbẹ. Wọ́n mú àgbà wọnú yàrá náà, wọ́n gbé olùkọ́ síwájú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Elderhostel ni wọ́n pè é. Láti 2010 ni a ti ń pè é ní Road Scholar, ó sì ti tàn kálẹ̀ ayé. Yàrá tí ó ṣófo àti orí tí kò fẹ́ ṣófo ni wọ́n so pọ̀.

ÀLEJÒ ÀTI ONÍLÉ

Ṣùgbọ́n tibi tire la dá ilé ayé. Ilẹ̀ títẹ́jú kò pọ̀ lórí òkè. Bí àgbà kan bá ra ilé tí yóò gbé fún oṣù márùn-ún, tí yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa fún oṣù méje, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́ olùkọ́ àti ẹni tí ń gbá òpópónà. Owó tí àlejò mú wá láti ìlú ńlá ju ti onílé lọ. Onílé kò sì lè bá a díje. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún ń wá ilé yá. Báyìí ni owó ilé fi ń gòkè, tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílùú fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe é. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí àárín ìlú ni àdúgbò Junaluska wà, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú Boone ti ń gbé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí kò tóbi, tí ó sì súnmọ́ ọjà, ni ọ̀wọ́n ilẹ̀ í kọ́kọ́ dé bá.

A kò ní fi ẹ̀tọ́ du àwọn àlejò. Wọ́n ń san owó orí ilé wọn pé, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn kò ní ọmọ tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú tí owó náà ń gbé ró. Wọ́n ń ra ọjà, owó wọn sì ń wọ àpò ìlú ní àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Ohun tí a ń wí ni pé àǹfààní nìkan kọ́ ni í sọ ènìyàn di ará ìlú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì líle tí a ń pè ní Helene dé àwọn òkè wọ̀nyí. Omi ya wọ Boone, ilẹ̀ ya lulẹ̀ lára àwọn òkè, yunifásítì sì dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó ní ilé ní Florida lè padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n onílé kò ní ibòmíràn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a í mọ àlejò tí ó wá jẹ ìgbádùn nìkan, a sì í mọ èyí tí ó ti di ará ilé.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ pè yín láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹ lọ; ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ yín láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kí ó mú yín dé ìlú tí yunifásítì wà, kí ó sì fi ibi ìkàwé hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí a sì wo ilé. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní òkè Olósùnta, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ifẹ̀ ní òkè, ó ní yunifásítì. Ìbàdàn ti ní tirẹ̀ láti 1948. Kí ni ó dé tí àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn yóò fi ṣófo nígbà ìsinmi gígùn, tí àgbà olùkọ́ yóò sì jókòó sílé máa ka ìwé kan náà fún ìgbà mẹ́wàá? Ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni ó ṣáájú. Láti 2004 ni a ti ní òfin ìdáwó ìfẹ̀yìntì; òfin ọdún 2014 sì wí pé kí òṣìṣẹ́ dá náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi mẹ́wàá kún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, a fọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65, tàbí fún ogójì ọdún. Òfin dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ìwé òfin se ọbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí orin àti ìlù gbà yín lọ́kàn títí tí ẹ kò fi ní bi wọ́n léèrè pé: Ǹjẹ́ owó tí a yọ lára owó oṣù olùkọ́ dé àpò rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni àgbà yóò dúró kí ó tó rí i gbà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjì wọ̀nyí kò yẹ ní ẹni tí a ń fi àwọn olùkọ́ wa lé lọ́wọ́.