Ìmọ́lẹ̀ àti Àwọ̀ Ewé Inú Omi: Àsọyé fún Àwọn Ará Lekki àti Ajah



Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbé pákó lé orí koríko àgbàlá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mọ ohun tí yóò bá nígbà tí ó bá ṣí i. Àwọ̀ ewé yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára koríko náà, yóò sì funfun bí ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá tún rí i, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ a padà. Kí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe fún un? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan tí ó kéré ju koríko lọ púpọ̀ ni a ó fi dáhùn rẹ̀, nítorí pé inú omi àdúgbò wa ni irú rẹ̀ ń gbé, ẹ̀kọ́ tí ó sì ń kọ́ni kan ìlera ilé wa.

Ilẹ̀ tóóró ni ilẹ̀ Lekki. Òkun wà ní apá kan, ọ̀sà sì wà ní apá kejì. Títí dé Ajah, ilẹ̀ wa tẹ́jú, omi kò jìn sí ojú ilẹ̀, àgbàrá kì í sì í tètè rí ọ̀nà lọ. Nítorí náà a kì í wá omi adágún àti gọ́tà tì. Bí oòrùn bá ń pa irú omi bẹ́ẹ̀, a máa di aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán ni àwọ̀ náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá alààyè ni, tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae. Ọ̀kan nínú wọn ni Euglena. Ní 1995, onímọ̀ D. I. Nwankwo ti Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí jáde nípa ẹbí Euglena nínú ojú àgbàrá ẹlẹ́gbin ní Èkó.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara Euglena. Bí a bá to 20 nínú èyí tí a ń pè ní Euglena gracilis ní orí-sí-ìdí, gígùn wọn yóò tó bí mìlímítà 1. Ó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́, àti àmì pupa kan tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé wà. Nínú rẹ̀ ni yàrá kéékèèké bí 10 wà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ chloroplast. Ilé ìdáná ni wọ́n: níbẹ̀ ni a gbé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ láti inú omi àti afẹ́fẹ́. Aró àwọ̀ ewé tí ó wà nínú wọn ni ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mú.

Bí a bá fi Euglena yìí sínú òkùnkùn, tí oúnjẹ yíyọ́ sì wà nínú omi rẹ̀, kì í kú. A máa jẹ, a máa bí sí i. Ṣùgbọ́n láti ìran dé ìran, aró rẹ̀ a máa dínkù títí yóò fi di aláìláwọ̀. Ǹjẹ́ ilé ìdáná náà ti parun bí? Rárá. Ó súnkì ni, ó sì dà bí irúgbìn tí a tọ́jú sínú àká de òjò. Ìran kan ń fi irúgbìn náà lé ìran kejì lọ́wọ́, bí wọn kò tilẹ̀ rí oòrùn rí.

Jerome Schiff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brandeis ní Amẹ́ríkà ṣọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbé e padà sínú ìmọ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, aró díẹ̀ tí kò tíì parí yóò yí padà. Lẹ́yìn èyí, fún bí wákàtí 12, àwọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nígbà náà ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yára, nígbà tí yóò sì fi tó wákàtí 72, gbogbo ilé ìdáná náà ti dúró pátá.

Iṣẹ́ méjì ni ìmọ́lẹ̀ ṣe níhìn-ín. Èkíní, òun ni ó parí aró. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí aláró lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú tán nínú ìkòkò. Ìgbà tí a bá yọ ọ́, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ni àwọ̀ rẹ̀ tó ń jáde. Ohun tí afẹ́fẹ́ jẹ́ sí aṣọ náà ni ìmọ́lẹ̀ jẹ́ sí aró Euglena. Èkejì, ìmọ́lẹ̀ a máa ṣe iṣẹ́ akéde, pàápàá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run; ó ń jí gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà, kí ó lè tú oúnjẹ tí ó kó pamọ́, kí ó sì pèsè ohun ìkọ́lé. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ hàn án fún ìgbà díẹ̀, tí a dá a padà sínú òkùnkùn, tí a sì tún gbé e jáde lọ́jọ́ kejì, kì í dúró de wákàtí 12 mọ́. Ó ti gbọ́ àṣẹ. Inú òkùnkùn ni ó ti múra sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo algae ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè parí aró wọn láìsí ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ kò lè jí ohun tí kò sí. Ní 1948, Provasoli, Hutner àti Schatz fi hàn pé bí a bá fi oògùn streptomycin sínú omi Euglena, a di aláìláwọ̀ títí láé. Ó ń yè, ó ń bí sí i. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti wù kí ó ràn tó, kò tún ní àwọ̀ ewé mọ́, nítorí pé irúgbìn náà ti sọnù.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí gbé kàn wá? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbọ́ pé omi tí kò ní àwọ̀ ewé ni omi mímọ́. A fi pákó bo gọ́tà, àwọ̀ náà pòórá, ọkàn wa sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Euglena kò nílò àwọ̀ ewé kí ó tó lè yè; bí ẹ̀gbin bá ń rà nínú omi, ó lè rí oúnjẹ nínú òkùnkùn. Kì í ṣe Euglena fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù, bí kò ṣe ẹ̀gbin náà, tí ó lè jò láti gọ́tà àti ṣáláńgá wọ inú kànga ní ilẹ̀ iyanrìn bíi tiwa.

Nítorí náà, ẹ máa bo àgbá àti táńkì yín kí oòrùn má bàa wọ̀ ọ́, nítorí pé èyí ń dín algae kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìbòrí rọ́pò ìmọ́tótó. Ẹ fọ àgbá náà, ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ẹ sì máa se omi kànga kí ọmọdé tó mu ún. Òkùnkùn kò wẹ omi mọ́. Ó kàn bo ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.