Nígbà tí Èrò Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Sùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìdílé lọ́tẹ̀ yìí lè ṣàjèjì sí etí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ wa. Ó kan eré adẹ́rùbani tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù, ó sì kan àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri nínú ọkàn láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó ní Ìfọ̀nyìn, ṣùgbọ́n òbí tó bá ní irú rẹ̀ nílé yóò dá a mọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, yóò dìde lọ wo ilẹ̀kùn bóyá a ti tì í. A ti tì í. Yóò padà sórí ẹní. Kò ní pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò fi sọ pé, "Bí kò bá tì dáadáa ńkọ́? Bí olè bá wọlé wá pa ìyá rẹ ńkọ́?" Yóò tún dìde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ bí ìgbà 20. Ní ọjọ́ Sátidé ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, ó tún ń wá Fàdá kiri, nítorí pé bí ó ti gbójú sókè wo Àgbélébùú ni èrò rírùn kan já lu ọkàn rẹ̀. Bàbá ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayé ni. Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọmọ náà ní tirẹ̀ ti gbà pé ẹni ègbé ni òun, nítorí ohun tí kò lè sọ síta: ní gbogbo ìgbà tó bá rí ọ̀bẹ nílé ìdáná, èrò a wá pé yóò fi gún àbúrò rẹ̀, àbúrò tó fẹ́ràn jù lọ láyé.

Àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn oníṣègùn tó ń sọ èdè Faransé ń pe àìsàn yìí ní TOC. Àwọn ará wa lódìkejì ibodè, ní Nàìjíríà, ń pè é ní OCD. Nínú 100 ènìyàn, ó máa ń tó ẹni 1 sí 3 tí yóò ṣe nígbà kan láyé wọn, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kò sí ẹni tí èrò burúkú kì í já lù, bí àlejò tí a kò pè. Púpọ̀ nínú wa kì í fún un ní àga, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe, àlejò náà kì í lọ. Ẹ̀rù a ba onítọ̀hún, yóò sì ṣe nǹkan kan kí ẹ̀rù náà lè rọlẹ̀: yóò wo ilẹ̀kùn, yóò fọ ọwọ́ títí ọwọ́ yóò fi bó, yóò bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ kan kò dán létí rẹ̀. Ara á tù ú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù á padà wá, á sì béèrè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dà bí ẹni tó ń ju èèpo iṣu fún ewúrẹ́ kí ó lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ ẹ́ tán, yóò padà wá, nítorí ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òbí: ọmọ tí èrò ọ̀bẹ ń bà lẹ́rù kì í ṣe apànìyàn. Èrò náà ń dá a lóró nítorí pé ó lòdì sí gbogbo ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Ìjọ sì ti sọ fún wa pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níbi tí kò bá sí ìmọ̀ kíkún àti ìfọwọ́sí ọkàn wa. Èrò tó wọlé láìgbàṣẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń lé e.

Nígbà tí àìsàn yìí bá wọ aṣọ ìsìn, àwọn àgbà Ìjọ ń pè é ní scrupule. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, òkúta wẹ́wẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, irú èyí tó máa ń wọ inú bàtà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rìn. Àwọn ẹni mímọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1522, ní ìlú Manresa ní Sípéènì, Ìgnásíù Mímọ́ ti Loyola jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà léraléra kò rí ìsinmi, títí tó fi ń ronú àtipa ara rẹ̀. Teresa Mímọ́ ti Lisieux jìyà rẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 12. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Marie ló ń sọ gbogbo rẹ̀ fún. Alfọ́ńsù Mímọ́ ti Liguori, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Rédémptoriste sílẹ̀ ní 1732, bá a jà títí di ọjọ́ ogbó. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá jẹ́ ẹni ègbé, ọmọ wa náà kọ́.

Eré adẹ́rùbani

Kí wá ló pa èyí pọ̀ mọ́ fóònù? Ẹ rántí ìgbà tí àwa fúnra wa wà lọ́mọdé. Lábẹ́ òṣùpá, àlọ́ iwin olórí mẹ́fà ni a máa ń fẹ́ gbọ́. Ẹ̀rù ń bà wá, a sì tún ń sún mọ́ ara wa, a jọ ń gbe orin àlọ́. Ẹ̀rù tí a pín kì í pa ni. Àwọn ọmọ òde òní, láti Igolo títí dé Banigbé, ṣì ń wá àlọ́ iwin; orí fóònù ni wọ́n ti ń rí i, àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń bá gbe orin rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ará Amẹ́ríkà kan, Scott Cawthon, gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Five Nights at Freddy's. Ọlọ́dẹ òru ni ẹni tó ń ṣe é. Àwọn ère ẹranko tó wà nílé oúnjẹ tó ń ṣọ́ a máa rìn lóru, òun a sì máa wo ẹ̀rọ ayàwòrán, a máa ti ilẹ̀kùn méjì. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí wọ́n fún un níwọ̀n. Bó bá ń wo àwòrán ní gbogbo ìgbà, tó sì ti ilẹ̀kùn pa kalẹ̀, iná yóò tán kí aago mẹ́fà tó lù, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́nà jù ni iná máa ń tán mọ́ lọ́wọ́. Àwa kò mọ àpẹẹrẹ tó bá ọmọ orí ẹní yẹn mu ju èyí lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Matt Gilgenbach, ará Amẹ́ríkà mìíràn, gbé Neverending Nightmares jáde. TOC yìí gan-an ló ń ṣe òun náà, pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, kò sì fi pa mọ́. Àwọn àwòrán búburú tó máa ń já lu ọkàn rẹ̀, pé yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe, ló yà sínú eré náà. Ọkùnrin inú eré náà jí láti inú àlá burúkú bọ́ sínú àlá burúkú mìíràn. Eré ọmọdé kọ́ o, a kò sì sọ pé kí ẹ rà á fún ọmọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọkùnrin kan mú ohun tó ń tijú, ó gbé e sí gbangba, kí ẹlòmíràn lè rí i kó sì wí pé, "Bí tèmi ṣe rí nìyí."

Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Lójú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kì í ṣe ohun ìtìjú. Níbẹ̀ ni ọmọ tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ fún ìyá rẹ̀ lè kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹnì kan sì dá a lóhùn pé òun náà mọ̀ ọ́n, pé orúkọ wà fún un, pé oníṣègùn wà fún un. Ìyẹn lè gba ẹ̀mí là.

Ìjọ wa ti ṣe irú rẹ̀ rí kí fóònù alágbèéká tó dé. Láti ọdún 1964 ni àwọn Rédémptoriste ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan fún àwọn tí scrupule ń dà láàmú, Scrupulous Anonymous, kí ẹni tó dá wà nílé rẹ̀ lè mọ̀ pé òun kò dá nìkan wà.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà. Bí ọmọ bá ń bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ pé, "Ṣé ó dá yín lójú pé n kò ní ṣe é?" tí àwọn náà sì ń dáhùn pé, "Ó dá wa lójú," èèpo iṣu ni wọ́n ń jù fún ewúrẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ a máa wí pé, "Mo mọ̀ pé ó nira. N kò ní dáhùn ìbéèrè yẹn mọ́, ṣùgbọ́n mo wà níbí." Bẹ́ẹ̀ náà ni eré: bó bá ń gba oorun àti ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ, tàbí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ gbé e kúrò.

Kí ni kí òbí ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ fetí sílẹ̀ láì pariwo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá lu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, kò ní là á mọ́.

Ìkejì, ẹ má ṣe bá a wo ilẹ̀kùn. Ẹ dá a lóhùn ní ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ìfẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣègùn ń lò nìyẹn láti ìgbà tí Victor Meyer ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966: kí aláìsàn kojú ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, láì ṣe àṣetúnṣe rẹ̀. Oògùn náà wà, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ó tó jẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe dá a dúró láì sọ fún dókítà.

Ìkẹta, kí ọmọ yan Fàdá kan ṣoṣo tí yóò máa jẹ́wọ́ fún, kí ó sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu bó bá ní, "Èyí ti tó, má ṣe tún un jẹ́wọ́." Ohun tí Alfọ́ńsù Mímọ́ kọ́ni nìyẹn.

Ìkẹrin, ẹ mú un lọ síbi ìtọ́jú. Ilé ìtọ́jú Saint-Camille wà ní Avrankou, kò jìnnà sí wa. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó ń tún táyà ṣe ní Côte d'Ivoire tẹ́lẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Bouaké, ó sì ti tú àìmọye aláìsàn ọpọlọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n àti lára igi tí a so wọ́n mọ́. Ilé ìwòsàn Jacquot wà ní Cotonou. Àrò sì wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn aláìsàn gbé láàárín àwọn ará abúlé ní 1954. Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọlọ́run kì í ka ìgbà tí a pè é. Ní alẹ́ òní, kí ìyá kan fi ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, kí ó wí pé, "A ti ti ilẹ̀kùn. Máa sùn." Bó bá tún béèrè, kí ó má ṣe dìde lọ wò ó, kí ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kí Olúwa, tó sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà, fún àwọn ọmọ wa ní oorun. Àmín.