Yàrá Ìfọṣọ Tó Fẹ́ Di Balùwẹ̀ Kejì: Abẹ́ Ilẹ̀ Ni Kí Owó Kọ́kọ́ Wọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé oníyàrá mẹ́ta tó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé, bàbá ń kanlẹ̀kùn, ọmọ ń kanlẹ̀kùn, àlejò dúró sẹ́yìn wọn. Bí onílé bá ń wá ibi tí yóò fi ṣe ìkejì, yàrá ìfọṣọ ẹ̀yìn ilé ìdáná ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí omi ti ń wọ ibẹ̀, ó sì ti ń jáde níbẹ̀. Àyè tí iṣẹ́ náà yóò gbà kò tó bí èèyàn ṣe ń rò: ẹ̀rọ ìfọṣọ onílẹ̀kùn iwájú kì í sábà ju nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú, ibi ìwẹ̀ tó sì jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó tó àgbàlagbà í wẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni mo ti yapa sí ọ̀pọ̀ onílé. Táìlì àti ṣáwà ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, tí iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ yóò wá máa jẹ àjẹkù. Òdìkejì ló yẹ kó jẹ́, nítorí ohun tí ojú kò rí ló ń ba balùwẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí páìpù. Páìpù íǹṣì 2 tó ń gbé omi ọṣẹ jáde kò lè gba ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Íǹṣì 4 ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń fẹ́, èyí ni pé a ní láti fọ́ ilẹ̀. Páìpù náà sì gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Bí kòtò ẹ̀gbin bá wà ní mítà 10 sí yàrá náà, ẹnu ibi tí páìpù ti ń wọ kòtò gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 20 rẹlẹ̀ ju ibi tó ti gbéra lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbin á máa dúró sójú ọ̀nà, kò sì sí táìlì ilẹ̀ òkèèrè tó lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí púlọ́ńbà wọn ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ọjà. Bó bá jẹ́ pé kòtò tuntun ni wọ́n máa gbẹ́, kí ó jìnnà sí kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù tó 30 mítà. Ohun kan tún wà tí àwọn oníṣẹ́ kì í sábà sọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í rọra da omi nù, ńṣe ló ń tì í jáde pẹ̀lú agbára. Bí òun àti ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ bá jọ ń lo páìpù tóóró kan, ìfóófòó ọṣẹ á ru jáde láti ihò. Omi tó ń sáré kọjá náà tún lè fa omi díẹ̀ tó ń dúró nínú ìtẹ̀ páìpù lọ. Omi yẹn ló ń dí òórùn kòtò lọ́nà. Láti 1775 tí Alexander Cumming ti gba ẹ̀rí àṣẹ lórí irú páìpù títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọgbọ́n náà ti wà. Bí omi inú ìtẹ̀ páìpù náà bá ti gbẹ, ilé á máa rùn, onílé á sì máa ra lọ́fíńdà, nígbà tó jẹ́ pé páìpù afẹ́fẹ́ tó yọ kọjá òrùlé ni oògùn rẹ̀.

Lẹ́yìn páìpù ló kan ilẹ̀ àti ògiri. Táìlì nìkan kò dá omi dúró. Omi ń gba àlàfo àárín wọn, sìmẹ́ńtì abẹ́ wọn ń mu ún, búlọ́ọ̀kù sì ń fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ọ̀dà ògiri ilé ìdáná yóò ti máa ṣí. Ní Ọsirélíà, níbi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì inú yàrá ìfọṣọ kì í ti í ṣe ohun tuntun, ìlànà ìkọ́lé wọn kò gbà kí wọ́n lẹ táìlì síbi ìwẹ̀ láìkọ́kọ́ fi ohun tí omi kì í là kọjá bo ilẹ̀, kí wọ́n sì fà á gun ògiri dé 1.8 mítà.

Àwọn kan á ní iná àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Bìrìtìkó, láti 2022, sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jìnnà tó 2.5 mítà sí ibi ìwẹ̀. Iná tiwa náà kò sì rọlẹ̀ ju tiwọn lọ. Yàrá tí kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ ìfọṣọ kó lọ sí ilé ìdáná, kí ọpọ́n ìfọṣọ ọwọ́ nìkan ṣẹ́kù. Èyí tó bá gùn tó, kí oníná fi ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ sí i, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní 30 mílíáǹpù. Àwọn mìíràn ní aṣọ mímọ́ àti ìgbọ̀nsẹ̀ kò yẹ kó jọ gbé. Ṣùgbọ́n ní Faransé, inú balùwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ sí. Kí a máa dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí a sì kó aṣọ síta sínú oòrùn, ó parí. Ẹni tó ní kí a kúkú kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kò rántí àgbàlagbà tó ń jí lóru nígbà òjò.

Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ti fi ohun tí omi kì í là kọjá bo ilẹ̀ tán tó sì gbẹ, ẹ dí ihò, ẹ bu omi kún ilẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tó dé lára ògiri, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi náà bá lọ sílẹ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbẹ lọ, tàbí tí ẹ̀yìn ògiri bá tutù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì kankan, ẹ má sì san owó tó kù.