Ẹni Tó Rán Akọ̀ròyìn Níṣẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nǹkan kan bú gbàmù ní Old Bódìjà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì gbọ̀n ní àwọn àdúgbò tó jìnnà sí i. Àwọn ará Agbowó sáré jáde síta. Àwọn tó wà ní Ring Road ń bi ara wọn pé kí ló dún. Kí ọ̀pọ̀ wọn tó rí ìdáhùn, fóònù ti ń dún láti London àti Houston: "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Gómìnà Ṣèyí Mákindé ló wá ṣàlàyé lóru ọjọ́ náà pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan. Ó kéré tán, ènìyàn 5 ló kú. Àwọn tó farapa lé ní 70.

Ìròyìn náà tàn ká ayé. Ẹ wo bí iṣẹ́ akọ̀ròyìn ṣe yí padà nídìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ẹni tó ń kọ ọ́ fún ará Ìbàdàn kò ní ju kó dárúkọ òpópónà, ojú gbogbo wa á sì ti débẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ fún ará òkèèrè ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ìlú ńlá kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni Ìbàdàn, kó tó kan àwọn tó kú. Nígbà tó bá fi débẹ̀, àyè tí wọ́n fún un ti ń tán. Mi ò bá a wí. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Lórí ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn tó ń gbé òkè òkun, kí a tó béèrè bóyá ó mọ̀wé tàbí ó láyà, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló rán an.

Èmi náà ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí rí. Mo kọ ìròyìn kan láti òkè òkun nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá ní Agbowó, lódìkejì ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn. Olóòtú mi yọ orúkọ Agbowó kúrò, ó fi "àdúgbò tálákà kan" dípò rẹ̀. Ó ní àwọn òǹkàwé òun kò mọ Agbowó. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọjọ́ tí orúkọ àdúgbò bá ti kúrò nínú ìròyìn, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í di aláìlórúkọ nìyẹn.

Ìjà lórí bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nípa wa lókèèrè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London lọ́dún 1922. Kì í ṣe akọ̀ròyìn tó ń gbowó oṣù. Ní 1924, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìpàtẹ ńlá wọn ní Wembley, ìwé ìròyìn Evening News kọ ọ́ jáde pé kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Nàìjíríà ṣíwọ́ jíjẹ ẹran ènìyàn. Ṣólàńkẹ́ mú kálàmù, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti tú irọ́ náà fó. Ọdún yẹn kan náà ló sọ Yorùbá lórí rédíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe irú ẹ̀. Nígbà tó di 1925, òun àti Herbert Bankole-Bright dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ń tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán Ṣólàńkẹ́ níṣẹ́. Òun ló rán ara rẹ̀.

Nílé níbí ńkọ́? Ẹ lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà wà, tàbí àwọn rédíò aládàáni tó wà lágbègbè Challenge. Ìròyìn òkèèrè ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn bíi Reuters, AFP àti NAN ti Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan á jókòó tì í, aago á máa lé e, á sì sọ ọ́ di Yorùbá kí àkókò ìròyìn tó lù. Onítọ̀hún ní láti wá ohun tí yóò pe Kremlin tí ẹni tó ń ta ẹran lọ́jà Bódìjà á fi mọ̀ pé ibùjókòó ìjọba Rọ́ṣíà ni. Ó ní láti mọ̀ bóyá ogun dáwọ́ dúró ni tàbí ogun parí, nítorí méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì ṣì í túmọ̀ ti purọ́ fún gbogbo ìlú. Lójú tèmi, àwọn atúmọ̀ ìròyìn wọ̀nyí ni akọ̀ròyìn òkèèrè tí Ìbàdàn ní ní ti gidi. Wọn ò kúrò ní Dùgbẹ̀, àmọ́ ará Ìbàdàn ló rán wọn, èdè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jíṣẹ́ fún un.

Ìjọba àpapọ̀ dá NAN sílẹ̀ lọ́dún 1976, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, kí àwa náà lè máa fi ojú ara wa wo ayé. Ó fi àwọn èèyàn rẹ̀ sí òkè òkun. Àmọ́ owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere: dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó ilé àti oúnjẹ akọ̀ròyìn ní New York, náírà ló sì ń ti ilé wá. Mi ò tíì gbọ́ ọ lórí rédíò Ìbàdàn kan rí pé akọ̀ròyìn ilé-iṣẹ́ rédíò náà fúnra rẹ̀ ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti Cotonou, tí èèyàn lè wọ mọ́tò débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ohùn àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń pe orí ètò lọ́fẹ̀ẹ́ láti sọ ohun tí wọ́n rí. Inú mi ń dùn sí wọn, ó sì ń dùn mí pé àwọn nìkan la ní.

Àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ jẹ́. Délé Gíwá, tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀, ṣiṣẹ́ ní New York Times kó tó padà wálé ní 1979. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìròyìn Newswatch jáde ní 1985. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n fi sínú lẹ́tà pa á nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Délé Olójèdé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, wà lára àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn Newswatch. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú náà tó fi ré kọjá sí Amẹ́ríkà, tó lọ sí Yunifásítì Columbia, tó sì gba iṣẹ́ ní Newsday, ìwé ìròyìn àwọn ará Long Island.

Ibi tí ìtàn Olójèdé ti wọ̀ mí lára nìyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, ó wà ní South Africa fún ìdìbò tó sọ Mandela di ààrẹ. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Tutsi ní Rwanda, ìpakúpa tó gbẹ̀mí nǹkan bí 800,000 ènìyàn láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́. Ayọ̀ ńlá wà lápá kan ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá kejì, akọ̀ròyìn kan kò sì lè wà níbi méjì. Ó dúró sí South Africa. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn òun. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 2004, ó lọ sí Rwanda, ó jókòó ti àwọn tó ṣẹ́kù, ó sì kọ̀wé nípa ìyá kan tó ń tọ́ ọmọ tó bí fún àwọn tó fipá bá a lò pọ̀. Àwọn ìròyìn tó kọ láti Rwanda yẹn ló fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer ní 2005. 

Mo yọ̀ nígbà náà, mo ṣì ń yọ̀. Àmọ́ ará Long Island ló kọ́kọ́ ka ìtàn Rwanda tí ọmọ Modákẹ́kẹ́ kọ, nítorí àwọn ló rán an. Olójèdé padà wálé, ó dá ìwé ìròyìn NEXT sílẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2011, owó ti tán nídìí ẹ̀.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé láti òkèèrè la ti ń gbọ́ ìròyìn ara wa. Láyé ìjọba ológun Abacha, ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ló wà lẹ́wọ̀n tàbí níbi ìsápamọ́. Dápọ̀ Ọlọ́runyọ̀mí sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1995. Ní 1996, Wọlé Ṣóyínká, Káyọ̀dé Fáyẹmí àti àwọn yòókù tó wà lẹ́yìn odi gbé Rédíò Kúdíràt sáfẹ́fẹ́. Ní ìkọ̀kọ̀ lèèyàn ń gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ọmọyẹlé Sowore dá ojú òpó ìròyìn Sahara Reporters sílẹ̀ ní New York, àwọn tó wà nílé ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, òun náà sì ń gbé e jáde fún àwọn tó wà nílé. BBC yí i padà ní tiwọn: wọ́n dá ẹ̀ka Hausa sílẹ̀ ní 1957, ti Yorùbá di 2018, ọdún 61 gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Èkó làwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka Yorùbá ń gbé, London ló rán wọn.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lókè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Orí fóònù ló ti ń gbọ́ ikú bàbá rẹ̀, físà rẹ̀ sì lè wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rédíò VOA ti ìjọba Amẹ́ríkà tó lé ní 1,000 lọ jókòó sílé. Àwọn àjèjì wà láàárín wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ náà ló ń mú kí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Amẹ́ríkà, ìlú tí àwọn míì nínú wọn ì bá sì padà sí, ìjọba ibẹ̀ ń dọdẹ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ní London ní alẹ́ ọjọ́ Bódìjà yẹn. Olóòtú rẹ̀ ń béèrè iye òkú. Òun ní tirẹ̀ ń pe ìyá rẹ̀ ní Challenge, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agbowó, ó sì ń pe àǹtí rẹ̀ kan tó ń gbé Old Bódìjà, tí fóònù rẹ̀ kò wọlé. Nígbà tó wọlé nígbẹ̀yìn, ó gbọ́ igbe àwọn èèyàn lẹ́yìn ohùn àǹtí náà. Kó tó lè bi í léèrè ohunkóhun, àǹtí náà ti ń bi í pé: "Ọmọ mi, ìwọ tó o wà lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n ní ó dún?"