Ta Ló Láṣẹ Láti Jẹ Ẹni Tó Bú Ànábì Níyà?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èrò kan lu Deborah Samuel pa nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Shehu Shagari ní Sókótó, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí ohùn tó fi ránṣẹ́ sójú WhatsApp kíláàsì wọn, èyí tí wọ́n ní ó fi bú Ànábì Muhammad. Àwọn tó gbè sẹ́yìn apànìyàn ní ohun tí ẹ̀sìn wí ni wọ́n ṣe. Sókótó jìnnà sí Ìgànná, ìlú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, torí ẹni tó bá gba àwíjàre yìí gbọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Àwíjàre náà kò sì tọ̀nà. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù kò fẹnu kò lórí ìyà ọ̀rọ̀ òdì. Ibi tí ẹnu wọn sì ti kò, ó lòdì sí ohun tí àwọn tó pa Deborah ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Ọ̀nà Imam Malik ni Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà nílé kéwú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìwé náà kò fi bọpo bọyọ̀: Mùsùlùmí tó bá bú Ànábì, pípa ni, a kò sì ní gba túúbá rẹ̀. Onímọ̀ mìíràn, Ibn Taymiyya, fi odidi ìwé kan gbe irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn èébú kan Kristẹni kan ní Síríà ní ọdún 1293. Ṣùgbọ́n onímọ̀ Abu Hanifa, tó kú ní ọdún 767, kò gbà. Lójú tirẹ̀, Mùsùlùmí tó bú Ànábì ti kúrò nínú ẹ̀sìn, a ó sì ní kó túúbá. Ní ti Kristẹni tàbí Júù tó ń gbé lábẹ́ ìjọba Mùsùlùmí, àìgbàgbọ́ rẹ̀ wúwo ju èébú náà lọ, bẹ́ẹ̀ a kò pa á nítorí àìgbàgbọ́. Ìbáwí adájọ́ tó o. Kristẹni ni Deborah. Lóde òní, Javed Ahmad Ghamidi, onímọ̀ ọmọ Pakistan, ní kò sí ìyà ikú fún èébú nínú Kùránì rárá.

Ẹ̀rí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Abu Hanifa kì í ṣe kékeré. Bukhari, tó kó hadith jọ, gbà á wá pé àwọn Júù kan wọlé tọ Ànábì, dípò kí wọ́n kí i pé àlàáfíà fún ọ, wọ́n yí ohùn, wọ́n ní ikú fún ọ. Aisha, ìyàwó Ànábì, gbọ́ ọ, ó fara ya, ó ṣépè fún wọn. Ànábì ní kó rọra. Kò sẹ́ni tó pa wọ́n. Kùránì náà, nínú Súrà 4 ẹsẹ 140, ní ká dìde kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣẹ̀fẹ̀ títí wọn yóò fi mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ẹni tí a pa kò tún lè mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Àwọn kan á ní, Ka'b ibn al-Ashraf ńkọ́, tí Ànábì ní kí wọ́n pa? Ka'b ń ru àwọn Kùráíṣì sókè sí ogun lẹ́yìn ogun Badr, Ànábì, gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú, ló sì pàṣẹ.

Àṣẹ yìí gan-an ni ibi tí ẹnu ti kò. Nínú ẹ̀kọ́ Málíkì pàápàá, adájọ́ ló ń gbọ́ ẹlẹ́rìí, òun ló ń dájọ́. Àwọn kan ní ìjọba kì í ṣe nǹkan kan, ló fà á tí ará ìlú fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Kánò ní kóòtù Ṣàríà, ó sì dájọ́ ikú fún olórin Yahaya Sharif-Aminu lórí irú ẹ̀sùn yìí ní ọdún 2020. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga Kánò fagi lé e, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, torí kò ní agbẹjọ́rò. Bí adájọ́ tó jókòó, tó gbọ́ ẹjọ́, bá lè ṣì í tó báyìí, kí ni ká retí lọ́wọ́ èrò tó gbé òkúta? Lápá ọ̀dọ̀ tiwa, òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà kò ju ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lọ fún títàbùkù ẹ̀sìn. Ìpànìyàn ni pípa ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin àfáà wa ní Ìgànná, bí ẹ bá ka ibi tí Risala ti sọ ti pípa fún ọmọ kéwú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ìwé náà dé kí ẹ tó sọ fún un pé adájọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe òun.