Rọ́bà kékeré tó ń jẹ èrè onímọ́tò: ẹ wo inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ń fi mọ́tò ṣòwò, yálà èrò ló ń gbé ni o, tàbí búrẹ́dì ló ń pín kiri, mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́ pátápátá nìkan ni owó ń lọ. Ọ́ìlì tó ń dín kù lójoojúmọ́ àti epo bẹntiróòlù tó ń tán kíákíá tún wà níbẹ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tó wà lábẹ́ ₦200 fò kọjá ₦480, kò sí oníṣòwò tó lè fojú kékeré wo irú òfò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú ohun tó lè fà á ni rọ́bà tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí epo ṣe ń jó lókè píísítínì, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Bí kò bá rọ́nà jáde, yóò máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Láyé àtijọ́, páìpù kan ló ń tú èéfín náà sójú títì. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan kí fáàfù tí wọ́n ń pè ní PCV máa dá èéfín náà padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè jó tán.

Ohun mẹ́ta ló ń bá rọ́bà yìí jà lẹ́ẹ̀kan náà: ooru, ọ́ìlì tó wà nínú èéfín, àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ro ti ooru nìkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í rà.

Rọ́bà omi rédíétọ̀, tí wọ́n sábà máa ń fi EPDM ṣe, lè gba ooru dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni ọ́ìlì. Yóò wú, yóò rọ̀, inú rẹ̀ yóò sì máa ṣí. Silikóònù aláwọ̀ búlúù tàbí pupa tó dùn-ún wò lè fara da ooru tó tó 180°C, àmọ́ bí wọn kò bá fi nǹkan mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, ọ́ìlì yóò máa là á kọjá. Ọ̀rá tó mọ́ gaara ńkọ́? Yóò rọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, yóò lẹ̀ pọ̀, bó bá sì yá, yóò gan, yóò là.

Èyí tó yẹ ni rọ́bà tó mọ ọ́ìlì lára. NBR lè ṣiṣẹ́ níbi tí ooru kò ti ju 100°C lọ púpọ̀. Bí rọ́bà náà bá máa kọjá nítòsí páìpù èéfín, tàbí tí ọkọ̀ bá ní tọ́bò, FKM, tí àwọn kan mọ̀ sí Viton, ló dára jù, nítorí ó lè gba nǹkan bíi 200°C pẹ̀lú ọ́ìlì. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti NBR lọ.

Bẹ́ ẹ bá dé Ládípọ̀ tàbí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò mìíràn, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà. SAE 30R7 wà fún epo àti èéfín inú ẹ́ńjìnnì. SAE 30R9 máa ń gba ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mú ògbólógbòó rọ́bà dání kí ihò wọn lè bára mu. Bó bá jẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ láti iléeṣẹ́, ẹ má fi èyí tó gùn gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ni ihò rẹ̀ yóò ti dí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà náà. Bó bá ń dún bíi bisikíìtì, ó ti gan. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ọ́ìlì ti jẹ ẹ́. Ẹ yọ fáàfù PCV, kẹ́ ẹ mì í. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kò bá dún, ó ti dí. Rọ́bà tó là á máa fa afẹ́fẹ́ tí kò yẹ wọlé, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, epo sì lè máa lọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ má ṣe gé rọ́bà kan náà fún omi, epo àti èéfín. Oníbàárà tí síìlì rẹ̀ bá ń jò lẹ́yìn oṣù méjì kò ní bi yín pé irú rọ́bà wo ni. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.