Ìdánwò àti Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkà

Ìdánwò jẹ́ ẹnu-ọ̀nà tí ọmọ ilé-ìwé kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 1952 ni a ti dá Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí WAEC, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn ọmọ fi ń wá iṣẹ́ tàbí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ní Ìjàn-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Adó, àwọn òbí tí ń fi owó iṣu àti ti kòkó ra ìwé fún ọmọ a máa béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ olùkọ́: "Ṣé ọmọ wa yóò yege?"

Ìbéèrè yìí ni ó ń mú kí àwọn olùkọ́ mìíràn pa ìwé kíkà tì. Wọn a kó ìbéèrè àtijọ́ jọ, wọn a kọ àròkọ kan sí ojú pátákó, ọmọ a sì kọ́ ọ sórí bí ẹni ń kọ́ oríkì. Ṣùgbọ́n àyọkà tí a fi ń dán òye wò kì í sábà jẹ́ èyí tí ọmọ ti rí rí. Ẹni tí ó mọ ìwé kà yóò rí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó gbára lé àkọ́sórí kò ní ohun tí yóò rántí.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà fún ọmọ Èkìtì. Ní ẹnu rẹ̀, "ulé" ni ilé ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá kọ "ulé", olùkọ́ tí ìdánwò ń lé eré a fa ìlà pupa sí i, a sì kọjá lọ. Ọmọ a rò pé èdè ìyá òun ni kò dára, kò sì ní fẹ́ kọ nǹkan mọ́. Olùkọ́ tí ó ní sùúrù yóò kọ méjèèjì sí ojú pátákó, yóò sì fi yé e pé ọ̀kan ni ti ilé, èkejì ni èyí tí gbogbo ọmọ Yorùbá jọ ń kọ.

Kì í ṣe àdánù ni kí a fi èdè ọmọ ṣe ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen ní Mọdákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà ni a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sì ta yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò lè torí èyí pa ìdánwò rẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí ọmọ máa ka ìtàn sókè lójoojúmọ́, kí ó sì máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní oko àti ní ọjà Ìjàn ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a kọ́ báyìí yóò yege. Lẹ́yìn tí ìdánwò bá sì ti parí, yóò lè ka lẹ́tà, ìwé ìròyìn àti ìwé ara ìgò oògùn láìbẹ ẹnikẹ́ni.